Ilé ìfúnrèké ìdílé Iznaga ní Kúbà: Ibi tí ogun Ọ̀yọ́ ti di ṣúgà

Àwọn àgbà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìtàn bí Ọ̀yọ́-Ilé ṣe tú. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá àti Àlímì ní Ìlọrin, wọ́n mọ bí Aláàfin Olúèwu ṣe bá ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ lọ, wọ́n sì mọ bí Àtìbà ṣe fi Àgọ́ Ọjà ṣe ibùjókòó ọba, tó di Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí. Ibi tí ìtàn náà máa ń dúró sí lẹ́nu wa nìyẹn. A ó sọ pé wọ́n kó àwọn kan lẹ́rú, a ó sì kọjá síbòmíràn. Ibo ni wọ́n kó wọn lọ? Ta ló rà wọ́n? Iṣẹ́ wo ni wọ́n fi wọ́n ṣe, kí ló sì dé bá owó tó tibẹ̀ jáde?

Ìdáhùn kan nínú ọ̀pọ̀ wà ní erékùṣù Kúbà, nítòsí ìlú kan tó ń jẹ́ Trinidad. Ẹ má ṣì í mú fún Trinidad àti Tobago tí àwọn agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì ti ń wá o. Ìlú ni èyí, ó wà láàárín Kúbà lápá gúúsù, kò jìnnà sí etí òkun. Bí ènìyàn bá jáde nínú ìlú náà tó rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 15, yóò bọ́ sí àfonífojì gbalasa kan tí òkè yí ká. Láàárín rẹ̀ ni ilé gogoro kan dúró sí, àjà méje ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 45. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í ṣe mọ́ṣáláṣí. Ìdílé kan tó ń jẹ́ Iznaga ló kọ́ ọ sínú oko ìrèké wọn, kí wọ́n lè máa rí gbogbo ẹrú tó wà lóko láti òkè.

Oko náà àti ilé ìfúnrèké tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Manaca Iznaga. Ti ìdílé ni, gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀rọ gààrí ti ń jẹ́ ti ìdílé lọ́dọ̀ wa, tí bàbá ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ní 1795 ni Pedro Iznaga ra ilẹ̀ náà. Ọkùnrin yìí di ọ̀kan nínú àwọn olówó jù lọ ní Kúbà, kì í sì í ṣe ìrèké nìkan ló sọ ọ́ di olówó. Ó ń ra ènìyàn, ó sì ń tà wọ́n.

Ọdún tó ra ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ọdún lásán. Kí 1791 tó dé, Háítì, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Faransé nígbà náà, ló ń ṣe ṣúgà jù lọ fún àwọn òyìnbó. Ní 1791, àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde, wọ́n dáná sun oko ìrèké, wọ́n sì jà títí wọ́n fi gba òmìnira ní 1804. Ṣúgà di ọ̀wọ́n gógó lọ́jà àgbáyé. Àwọn olówó Kúbà, tó wà lábẹ́ ọba Sípéènì, rí i pé ọjà ti ṣí sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n gé igbó, wọ́n gbin ìrèké, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ènìyàn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà kiri. Nínú àfonífojì kan ṣoṣo yìí, ilé ìfúnrèké lé ní 50 nígbà tí òwò náà gbóná. Ní 1827, ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ju 11,000 lọ.

Ọmọ Pedro, Alejo Iznaga, ló kọ́ ilé gogoro náà ní 1816. Àwọn ará ibẹ̀ ní ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò, pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì nínú ìdílé náà ló ń bá ara wọn figagbága: ọ̀kan ní òun yóò kọ́ ilé tó ga, èkejì ní òun yóò gbẹ́ kànga tó jìn tó bí ilé náà ṣe ga. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Agogo ńlá ni wọ́n gbé kọ́ sórí ilé náà. Agogo yìí ló ń jí ẹrú kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ló ń lé wọn lọ sóko, òun ló sì ń sọ ìgbà tí wọ́n lè padà. Bí ẹnikẹ́ni bá sá, tàbí tí iná bá sọ lóko, agogo kan náà ni yóò ké.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, nítorí àwa tí a ń da ṣúgà sínú gààrí kì í sábà ronú nípa rẹ̀. Ìrèké kì í ṣe iṣu tí a lè kó sínú àká títí ọjà yóò fi dé. Bí wọ́n bá ti gé e, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ kí wọ́n tó fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Nítorí náà, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Karùn-ún, ilé ìfúnrèké kì í sùn. Wọn yóò ti ìrèké bọ àárín òpó gbọọrọ mẹ́ta tó ń yí, tí màlúù tàbí omi, àti ẹ̀rọ alátẹ́gùn gbígbóná nígbà tó yá, ń yí i. Omi rẹ̀ yóò ṣàn lọ sínú ìkòkò irin ńláńlá tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí iná. Wọn yóò máa bù ú láti inú ìkòkò ńlá bọ́ sínú kékeré bó ti ń ki, títí yóò fi dì. Pòròpórò tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán ni wọ́n ń sá gbẹ láti fi dáná, igi tí wọ́n gé nínú igbó sì ni wọ́n fi ń kún un.

Lákòókò yìí, ẹrú lè ṣiṣẹ́ wákàtí 18 lóòjọ́. Oorun ló ń pa wọ́n jù. Ẹni tó ń ti ìrèké bọ ẹ̀rọ lóru, bí ó bá tòògbé, ọwọ́ rẹ̀ yóò bá ìrèké wọlé, òpó kì í sì í dúró kíákíá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìfúnrèké ní àwọn erékùṣù náà, àdá mímú máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n lè gé apá onítọ̀hún kí ara rẹ̀ yòókù má bàa bá a lọ. Bí ẹrú ṣe ń kú tó, kò pẹ́ kí olóko tó tún nílò òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé, nítorí ọdún kan náà ni nǹkan ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nǹkan bí 1796 ni àwọn ìjòyè kọ̀ Aláàfin Aólẹ̀. Gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́ ló gbọ́ ìtàn èpè tó ṣẹ́ kó tó wàjà, bó ṣe ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta pé ọ̀nà wọ̀nyí ni wọn yóò kó àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ gbà lọ sóko ẹrú. Bóyá èpè ló jà, bóyá àìgbọ́ra-ẹni-yé, ohun tó tẹ̀lé e kò fara sin. Àfọ̀njá, tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, gba Ìlọrin kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Àwọn tó pè láti ràn án lọ́wọ́ ló sì pa á ní nǹkan bí 1824. Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ló jẹ Kakaǹfò tẹ̀lé e. Ìlú lórí ìlú tú ní pápá Ọ̀yọ́, àwọn tó sá àsálà sì ń wọ́ lọ sí ibi tó bá ní odi tó le. Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibẹ̀. Ó dúró, ogun kò kó o, ọ̀pọ̀ agboolé tó wà níbẹ̀ lónìí ló sì mọ orúkọ ìlú tí bàbá ńlá wọn ti sá wá. Ní nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ di ahoro.

Àwọn tí kò rí ibi sá sí ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Ọmọdékùnrin Àjàyí, tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, wà lára wọn. Ní 1821 ni wọ́n kó o ní Ọ̀ṣogùn, tí wọ́n ń tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí tó fi dé Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Àìmọye ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò rí ẹni gbà wọ́n. Sípéènì ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1817 pé kò ní sí òwò ẹrú mọ́ láti 1820, ṣùgbọ́n orí ìwé ni òfin náà sùn sí. Ọkọ̀ ń já ẹrú sí èbúté Kúbà lóru títí di nǹkan bí 1866.

A kò sì gbọdọ̀ fi apá kan òtítọ́ pamọ́. Kí ogun tó kó Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ń ta ènìyàn. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ni ọjà tí ààfin ń gbà ta ẹrú fún òyìnbó. Àwọn tí wọ́n ń tà nígbà náà ní ìyá àti bàbá tiwọn náà. Nígbà tí odi wó ni ọ̀nà tí Ọ̀yọ́ ti là yìí wá gbé ọmọ Ọ̀yọ́ lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹrú tó wà ní Manaca Iznaga ló jẹ́ ọmọ Yorùbá. Àwọn ará Kóńgò pọ̀ gan-an ní agbègbè Trinidad, àwọn tó wá láti Kàlàbá àti ilẹ̀ Mandinka sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n láti bíi 1820 síwájú, àwọn tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Kúbà. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé láti inú “olùkù mi” ni orúkọ náà ti jáde, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ẹrú sínú ìwé, wọn yóò fi orúkọ Kristẹni ṣáájú, wọn yóò sì fi Lùkùmí tì í lẹ́yìn.

Àwọn olóko tètè mọ̀ pé ìnira ń bẹ nínú ríra Lùkùmí, nítorí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹni tó ti gbé ọfà àti idà nínú ogun ilé. Ní ìpínlẹ̀ Matanzas, lápá àríwá Kúbà, ìdílé Alfonso ní ilé ìfúnrèké kan tó ń jẹ́ Triunvirato. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 1843, àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde. Obìnrin Lùkùmí kan tó ń jẹ́ Carlota wà lára àwọn aṣáájú, àdá ni wọ́n ní ó mú dání. Wọ́n sun Triunvirato, wọ́n kọjá sí oko Ácana, wọ́n sì ń tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ láti oko kan dé èkejì kí àwọn ọmọ ogun tó borí wọn. Wọ́n pa Carlota. Ní 1844, ìjọba fi ìyà jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri erékùṣù náà, ẹrú àti ọmọlúwàbí tó ti gba òmìnira. Àkàbà ni wọ́n ń so wọ́n mọ́ láti nà wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ àkàbà. Lẹ́yìn ọdún 132, ìyẹn ní 1975, nígbà tí ìjọba Kúbà rán ọmọ ogun lọ ran Àǹgólà lọ́wọ́, orúkọ Carlota ni wọ́n fi pe iṣẹ́ náà.

Ọkùnrin kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn onílù Ọ̀yọ́ mọ orúkọ rẹ̀. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ará Kúbà, gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn onílù Havana, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Añabí ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀: Àyànbí ni, ọmọ onílù. Wọ́n ní babaláwo ni, ó sì mọ ewé. Ilé ìfúnrèké kan ni wọ́n tà á sí nígbà tó dé, ibẹ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ tó kó ìrèké ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹrú tó bá ti yarọ kò wúlò lóko mọ́, wọ́n bá gbé e wá sí apá Havana. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìlù tí wọ́n ń lù, tó mọ̀ pé kì í ṣe ìlù tí a ti ṣètùtù fún ni. Ó pàdé Àtàńdá, tó jẹ́ agbẹ́gilére, tó sì mọ bí a ṣe ń gbẹ́ ìlù. Ní nǹkan bí 1830, àwọn méjèèjì gbẹ́ bàtá mẹ́ta, wọ́n sì fi Àyàn sínú rẹ̀ bó ti yẹ. Juan Arọ ni àwọn òyìnbó ń pe Àyànbí ní èdè tiwọn. Títí di òní, àwọn onílù Kúbà ń ka ìran bàtá wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá ni wọ́n ń pe èyí tó tóbi jù nínú ìlù mẹ́ta náà.

Ìdílé Iznaga ńkọ́? Àwọn náà ní ìtàn tó lọ́ mọ́ra wọn. Ní 1823, José Aniceto Iznaga, ọ̀kan nínú ìdílé náà, bá àwọn kan lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà láti bẹ Bolívar, akọni tó ń lé Sípéènì jáde níbẹ̀, pé kó wá gba Kúbà náà sílẹ̀. Òmìnira kúrò lọ́wọ́ ọba Sípéènì ni wọ́n ń wá. Agogo Manaca kò dákẹ́ nítorí rẹ̀. Ní 1857, ẹrú tó wà lóko náà ṣì ju 350 lọ.

Ṣùgbọ́n ọdún yẹn gan-an ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́wọ́ àwọn olówó àfonífojì náà. Ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ káàkiri àgbáyé ní 1857. Ilẹ̀ wọn ti ṣá, wọ́n ti gé igbó tí wọ́n fi ń dáná tán. Ní Matanzas, ilẹ̀ tuntun wà, ọkọ̀ ojú irin wà, ẹ̀rọ tuntun sì ń fún ìrèké ní ìlọ́po-ìlọ́po ti àtijọ́. Àwọn ará Yúróòpù náà ti ń fa ṣúgà jáde lára gbòǹgbò kan tó dà bí kárọ́ọ̀tì funfun, tí wọ́n ń gbìn sílé wọn. Ogun òmìnira tó bẹ̀rẹ̀ ní 1868 ló wá parí rẹ̀. Ó jà fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ilé ìfúnrèké ló sì jóná. Ní 1886 ni òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Kúbà.

Lónìí, ilé tí àwọn Iznaga ń gbé ti di ilé oúnjẹ fún àwọn arìnrìn-àjò. Àlejò ń sanwó láti gun ilé gogoro, àwọn obìnrin ń ta aṣọ funfun oníṣẹ́ ọnà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, agogo ńlá náà sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítòsí ilé. Àjọ UNESCO ti fi Trinidad àti àfonífojì rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti 1988. Ní ti orúkọ ìdílé náà, ẹni tó bá ń jẹ́ Iznaga ní Kúbà báyìí lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú, nítorí orúkọ olóko ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ ẹrú. Ṣúgà pàápàá ti sá kúrò níbẹ̀. Ní 1989, Kúbà ṣe ju mílíọ̀nù 7 tọ́ọ̀nù. Ní 2023, kò pé ìdajì mílíọ̀nù kan, wọ́n sì ń ra ṣúgà wọlé. Àwa tí a ń gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí Jẹ́bà kò ní yà lẹ́nu: a rí ilé-iṣẹ́ ṣúgà Bacita lẹ́bàá odò Ọya, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964, a sì rí ohun tó padà dà.

Ohun tí àwọn ẹrú kó lọ nìkan ni kò bàjẹ́. Babaláwo Kúbà ṣì ń kí ara wọn ní “iború, iboyá”, àbọrú àbọyè wa nìyẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètùtù, wọn yóò ní “moyuba”. Oyin ni wọ́n ń pè ní oñí, omi ń jẹ́ omi, àkàrà ń jẹ́ àkàrà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdọọdún, wọ́n ń lu bàtá fún Ṣàngó, wọ́n sì ń pè é ní ọba Ọ̀yọ́, nílùú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fojú rí. Ní 2023, UNESCO kan náà fi ọdún Ṣàngó ìlú Ọ̀yọ́ sínú ìwé tirẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tó ṣì kù, àwọn àgbà ilé wa ló sì lè ṣe é. Láàárín 1808 sí 1862, nígbà tí ọkọ̀ ogun bá gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, ilé ẹjọ́ ní Sàró àti ní Havana máa ń kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn àti bí wọ́n ṣe ga tó. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà ti kó orúkọ àwọn tó ju 91,000 jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Òjó wà níbẹ̀, Àìná wà níbẹ̀. Àmọ́ akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ló kọ wọ́n, ó sì kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó bá ní fóònù lè ṣí i, kó máa kà á sókè ketekete, kí àgbà tó jókòó tì í sọ èyí tó jẹ́ àmútọ̀runwá, èyí tó jẹ́ oríkì, àti èyí tó jọ orúkọ tí wọ́n ń sọ ní agboolé tiwọn.